Odò Yìnyín Ẹ̀yìnkùlé Wa

Kò sí aago nílé wa lọ́dún náà. Rédíò Bàbá Àgbà ni a fi ń mọ wákàtí, àti ìpè àdúrà láti mọ́ṣáláṣí iwájú ilé. Nítorí náà, àwọn wákàtí tí mo kọ síbí kò lè péye dé orí ìṣẹ́jú. Mo jókòó ti ìyá mi, mo jókòó ti ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, mo bi wọ́n léèrè lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ kí ọ̀rọ̀ ẹnì kan má baà ran ti ẹnì kejì. Ohun tí ẹnu àwọn méjèèjì kò lé lórí ni mo gbà, mo sì fi tèmi kún un. Ọjọ́ Sátidé kan nínú oṣù Ẹrẹ́nà ni. Mo wà ní kíláàsì kẹrin iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Yìnyín bọ́ ní Ìlá-Ọ̀ràngún.

Jógíráfì ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ sẹ́kọ́ńdìrì lónìí. Lọ́dọọdún, tí a bá ti dé orí ẹ̀kọ́ gíláṣíà, ìyẹn odò yìnyín tí ń ti orí òkè sọ̀ kalẹ̀, ojú àwọn ọmọ á kú. Wọ́n á há a sórí, wọ́n á kọ ọ́ nídàánwò, wọ́n á gbàgbé. Mi ò bá wọn wí. Èmi náà há a sórí láyé ìgbà tèmi, torí wọ́n jẹ́ kí n gbà pé nǹkan ilẹ̀ òyìnbó ni. Ó pẹ́ kí n tó rántí pé mo ti rí ọ̀kan rí, lẹ́yìn ilé ìdáná wa.

Aago mẹ́fà àárọ̀

Òógùn ló jí mi. Ẹ̀ẹ̀rùn ti pẹ́ jù lọ́dún yẹn. Òjò àkọ́rọ̀ kò tí ì rọ̀, ebè tí àwọn àgbẹ̀ ti kọ ń dúró de omi, ewé igi máńgòrò ẹ̀yìnkùlé wa sì pọ́n bí ẹni pé wọ́n fi osùn pa á lára. Eruku ni. Ìyá Àgbà ń gbálẹ̀, ó ń kùn pé àná lòun gbá ibẹ̀ mọ́ tónítóní.

Eruku ọyẹ́ ni, a sì mọ ibi tó ti ń bọ̀: Bodélé ní ilẹ̀ Chad, níbi tí adágún omi ńlá ayé àtijọ́ ti gbẹ, tí afẹ́fẹ́ ń gbo ìsàlẹ̀ rẹ̀ bọ̀ lọ́dọ̀ wa láti ìgbà tí òjò bá ti dá títí di ìgbà tí òmíràn yóò tún bẹ̀rẹ̀. Aṣálẹ̀ Sahara, níbi tí Bodélé wà, ló tún ń rán eruku gba orí òkun lọ sí òkè Alps ní Yúróòpù. Ọdún tó bá bọ́ púpọ̀ síbẹ̀, òjò dídì orí òkè náà á pọ́n, oòrùn á mú un ju bó ṣe yẹ lọ, á sì tètè yọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbàgbé eruku yìí.

Bàbá adẹ́mu ilé kejì kọjá, ó gbé igbà kọ́ èjìká.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Ìyá."

"Oo, o kú ìrìn. Ṣé ó dà?"

Ó ní kò dà tó bó ṣe yẹ. Ó ní láti orí ọ̀pẹ ni òun ti wo ojú ọ̀run lápá Òkè-Ìlà, kò sì tẹ́ òun lọ́rùn. Ẹni tó bá mọ Ìlá mọ̀ pé ọ̀rọ̀ adẹ́mu lórí ojú ọjọ́ kì í ṣe ọ̀rọ̀ àgbọ́jùsẹ́yìn. Òun ni ara ìlú tó ń sún mọ́ ọ̀run jù lójoojúmọ́.

Aago mẹ́wàá àbọ̀

Ẹsẹ̀ kò ṣe é fi tẹ àpáta tó yọ sókè lẹ́yìn ilé ìdáná. Màmá sá èlùbọ́ sórí rẹ̀, ó ní oòrùn ọjọ́ yẹn tó iná. Mi ò rántí nǹkan mìíràn nípa òwúrọ̀ náà ju ooru lọ.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká gùn kọjá ibi tí bàbá adẹ́mu gùn dé. Tí ènìyàn bá lè fi igbà gun afẹ́fẹ́ lásán lórí Ìlá, gbogbo mítà 1,000 tó bá gùn, òtútù á fi nǹkan bí ìwọ̀n 6.5 lé sí i lórí òṣùwọ̀n Celsius. Bó bá ti dé nǹkan bí mítà 5,000, omi tó wà nínú akèrègbè ìdí rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í dì, bí àdí ṣe ń dì nínú ìgò lásìkò ọyẹ́. Ibẹ̀ ni ààlà. Lókè ààlà yẹn, ibùgbé yìnyín ni. Ó wà níbẹ̀ lójoojúmọ́, lórí ilẹ̀ olóoru gbogbo, lórí Ìlá náà: lọ́jọ́ ọdún Ìsinrọ̀, lọ́jọ́ ọjà, ní àárín gbùngbùn ẹ̀ẹ̀rùn tí kànga ti gbẹ. Kìlómítà márùn-ún péré. Àwọn ìyá wa ń fẹsẹ̀ rin jù bẹ́ẹ̀ lọ lọ sí oko, tàwọn ti ẹrù lórí.

Òkè tí yóò na orí dé ibẹ̀ ni a kò ní. Chappal Waddi ní ìpínlẹ̀ Taraba ló ga jù ní Nàìjíríà, mítà 2,419 ni. Òkè Cameroon lé díẹ̀ ní 4,000, kò dé ibẹ̀. Ní gbogbo Áfíríkà, òkè mẹ́ta ni orí wọn wọ inú ibùgbé náà tí odò yìnyín fi wà lára wọn títí di ayé tiwa: Kilimanjaro ní Tanzania, tó ga ní mítà 5,895, òkè Kenya, 5,199, àti Rwenzori, láàrin Uganda àti Congo, tí ṣóńṣó rẹ̀ jẹ́ 5,109.

Ní ọjọ́ 11 oṣù Èbìbí ọdún 1848, míṣọ́nnárì ará Jámánì kan, Johannes Rebmann, rí nǹkan funfun lórí Kilimanjaro. Ó bi ẹni tó ń mú un rìn pé kí nìyẹn, onítọ̀hún ní òtútù ni. Rebmann kọ ọ́ ránṣẹ́ sílé, àwọn ọ̀mọ̀wé kan ní Lọ́ńdọ̀nù sì kọ̀ jálẹ̀: yìnyín kò lè wà nítòsí agbedeméjì ayé, ojú ló tàn án. Ọ̀rọ̀ yìí máa ń dùn mí títí di òní. Ẹni tó ń mú un rìn kò nílò kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ sí ohun tí òun ń fi ojú ara òun rí láti kékeré.

Aago kan ọ̀sán

Kùrukùru dé láti ìlà oòrùn. Ẹ̀gbọ́n mi ní ó kọ́kọ́ funfun, ó rọ́ sókè bí ọṣẹ tí wọ́n ń hó, kí ìsàlẹ̀ rẹ̀ tó dúdú. Màmá ní dúdú nìkan lòun rí. Wọ́n lè jọ tọ̀nà. Ìta ni ẹ̀gbọ́n mi wà, ó ń gbá bọ́ọ̀lù, Màmá sì wà nídìí ààrò.

Oṣù Ẹrẹ́nà ni afẹ́fẹ́ olómi láti òkun Àtìláńtíìkì àti afẹ́fẹ́ gbígbẹ láti àríwá máa ń forí gbárí lórí wa. Ilẹ̀ gbígbóná á ti afẹ́fẹ́ olómi lọ sókè pẹ̀lú agbára, àwọ̀sánmà á ga kọjá ààlà ìdìdì, ó lè ju kìlómítà méjìlá lọ. Nínú àwọ̀sánmà yẹn, ẹ̀kán omi kan á dì, á fẹ́ jábọ́, afẹ́fẹ́ á tún gbé e sókè. Á lọ, á bọ̀. Gbogbo ibi tó bá dé, omi mìíràn á lẹ̀ mọ́ ọn, á dì sí i lára. Bí ẹ bá fi ọ̀bẹ la hóró yìnyín kan, ẹ ó rí ìpele lórí ìpele bíi ti àlùbọ́sà: ọ̀kan á mọ́ gaara, èyí tó tẹ̀ lé e á funfun bí ẹ̀kọ. Tó bá wá wúwo ju ohun tí afẹ́fẹ́ lè gbé lọ, á di tilẹ̀.

Púpọ̀ nínú òjò ńlá tí ń rọ̀ ní ilẹ̀ Ìgbómìnà wa, láti inú yìnyín ló ti bẹ̀rẹ̀ lókè lọ́hùn-ún. Ó ń yọ́ lọ́nà kó tó dé ọ̀dọ̀ wa ni.

Aago méjì kọjá ogún ìṣẹ́jú

Afẹ́fẹ́ ló kọ́kọ́ dé, ó gbé abọ́, ó gbé aṣọ orí okùn. Ẹ̀kán òjò ńláńlá bí i mélòó kan. Lẹ́yìn náà, páànù bẹ̀rẹ̀ sí í dún.

Mi ò lè ṣàpèjúwe ariwo yẹn tó. Ó dà bí ẹni pé gbogbo ọmọ ìlú kó òkúta wẹ́wẹ́ dání, tí wọ́n ń sọ ọ́ lu ilé wa láìsinmi. Màmá ń pariwo, "Ẹ wọlé! Ẹ wọlé!", a rí ẹnu rẹ̀ tó ń mì, a ò gbọ́ ohùn. Àwọn adìyẹ há sábẹ́ àká. Máńgòrò tí kò tí ì gbó ń já pọ́-pọ́-pọ́. Bàbá Àgbà dìde lórí àga rẹ̀, ó dúró sí ẹnu ọ̀nà, kò sọ̀rọ̀, ó ń wo ìta. Oko àgbàdo rẹ̀ ti yọ ewé mẹ́ta-mẹ́ta nínú àbàtà tó fi ọwọ́ bomi rin. Ìgbà tí mo dàgbà ni mo tó mọ ohun tó ń wò.

Ẹ̀gbọ́n mi dé báàfù sórí, ó sá jáde, ó bu ẹ̀kúnwọ́ wọlé. Ó fi ọ̀kan sí mi lẹ́nu. Ó ta mí bí iná.

Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ó pẹ́ tán ogún.

Aago mẹ́ta

Ìta funfun. Ibi gbogbo ń rú èéfín tútù. Láàrin agbo ilé, yìnyín náà kò ju kókósẹ̀ lọ, ó sì ti ń yọ́. Ẹ̀yìn ilé ìdáná ni iṣẹ́ wà. Òrùlé ilé ńlá àti ti ilé ìdáná pàdé níbẹ̀, gbogbo ohun tó bọ́ sórí méjèèjì ya lulẹ̀ sí ojú kan, láàrin ògiri àti àpáta tó dagun. Oòrùn kì í dé ibẹ̀ lẹ́yìn ọ̀sán. Òkìtì náà dé mi ní orúnkún.

Ìyá Àgbà bù ú sínú àwo tánganran funfun, ó gbé e sórí pèpéle. Ó ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án.

Orúkọ wà fún nǹkan yìí ní èdè wa, yìnyín ni. Òmíràn tí kì í bọ́ lọ́dọ̀ wa, tí í rọ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ bí òwú, àwọn tó túmọ̀ Bíbélì, Àjàyí Crowther àti ẹgbẹ́ rẹ̀, pè é ní òjò dídì, ó sì bá a mu. Láti ara òjò dídì yẹn ni odò yìnyín orí òkè ti ń bẹ̀rẹ̀. Ohun kan ṣoṣo ló gbà: kí èyí tó ń rọ̀ lọ́dún pọ̀ ju èyí tó ń yọ́ lọ. Tọdún yìí á tẹ tèṣí, tèṣí á tẹ tìdúnta. Ẹ wo àpò gààrì tí wọ́n gbé òkúta lé: omi á jáde, àpò á fún, ohun tó wà nínú rẹ̀ á le. Afẹ́fẹ́ ni òjò dídì ń fún jáde ní tirẹ̀. Tuntun rẹ̀ fúyẹ́, afẹ́fẹ́ ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ìgbà tó bá fi di yìnyín gidi, kúbíìkì mítà kan rẹ̀ á wọn nǹkan bí kìlógíráàmù 917, á sì máa tàn búlúù, torí ó ń gbé apá pupa ìmọ́lẹ̀ mì.

Òkìtì tiwa kò dé ibẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí Màmá fi ṣíbí ìdáná gbẹ́ ìdí rẹ̀, àwọn hóró ìsàlẹ̀ ti lẹ̀ pọ̀ di odidi kan, tòkè ṣì wà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ó ní ó dà bí iyọ̀ tó gba ìrì.

Alásàrì

Ẹ̀gbọ́n mi já ìgbálẹ̀ mẹ́ta, ó gún wọn sí orí òkìtì náà ní ìlà, láti ibi ògiri dé ibi àpáta. Ó ní òpó iná ni. Wọ́n pè wá láti lọ ra kẹrosíìnì. Ìgbà tí a dé, òpó àárín ti ṣíwájú àwọn méjì tó kù, ó tó ìbú ọwọ́ kan. Ẹ̀gbọ́n mi fẹ̀sùn kàn mí. Mo sunkún.

N kò fọwọ́ kàn án. Láàrin ọdún 1840 sí 1850, ọ̀mọ̀wé ará Switzerland kan, Louis Agassiz, gún òpó ní ìlà sórí odò yìnyín Unteraar ní òkè Alps, ó ń padà lọ wò wọ́n. Ìlà náà tẹ̀ bí ọrun: àárín ń yára, etí méjèèjì tó ń ha ògiri òkè ń fà sẹ́yìn. Ohun tí ẹ̀gbọ́n mi ṣe gan-an nìyẹn, ó fi lílù mí parí rẹ̀ ni.

Ọ̀nà méjì ni yìnyín fi ń rìn. Bó bá nípọn tó, nǹkan bí ọgbọ̀n mítà sókè, ìwúwo ara rẹ̀ á mú kó máa yí padà láti inú, bí amọ̀ rírọ̀ ṣe ń tẹ́ fúnra rẹ̀ lórí pákó. Èkejì, omi á wọ abẹ́ rẹ̀, á máa yọ̀ lórí àpáta. Tiwa kò nípọn tó fún àkọ́kọ́, yíyọ̀ ló yọ̀. Bó ṣe ń yọ̀, òkè rẹ̀ ṣì ń gbà, torí yìnyín tó há sínú kọ̀rọ̀ òrùlé ṣì ń já bọ́ ní ẹ̀kúnwọ́. Ìsàlẹ̀ rẹ̀, tó ti yọ sí ojú oòrùn, ń ná ohun tí òkè gbà. Odò yìnyín gbogbo ní ibi kan ní àárín ara rẹ̀ tí gbígbà àti níná ti dọ́gba. Tí níná bá ti ń ju gbígbà lọ lọ́dọọdún, ibẹ̀ á máa gòkè lọ, títí kò fi ní sí ibi tí yóò gùn mọ́.

Aago márùn-ún àbọ̀

Òkìtì náà ti dúdú. Eruku tó wà lójú páànù láti ìgbà ọyẹ́ ti bá a wálẹ̀, àti ìtànná máńgòrò, ewé, ìyẹ́ adìyẹ, ìpáǹtí páànù tó dípẹtà. Bí yìnyín ṣe ń lọ, àwọn wọ̀nyí kò lọ. Wọ́n ń pọ̀ lójú rẹ̀, ibi tó bá dúdú jù ló ń jìn sínú kíákíá. Lábẹ́ rẹ̀, omi ti gbẹ́ ihò, ó ń jáde níwájú bí ẹnu ìṣà. Ó yí ẹsẹ̀ òkúta kan po, ó gba abẹ́ ọgbà, ó rí gọ́tà. Àwọn bàbá wa ní ogbó, àdá tí Odùduwà fún Ajagùnnlà, Ọ̀ràngún àkọ́kọ́, ni ó ń la ọ̀nà níwájú rẹ̀, ogbó mọ̀nà, tí a fi ń jẹ́ Ìgbómìnà. Mo máa ń rántí rẹ̀ nígbàkígbà tí mo bá rí omi tó ń wá ọ̀nà.

Ìlá ni wọ́n ti bí Lámídì Fákẹ́yẹ ní 1928, agbẹ́gilére tí gbogbo ayé mọ̀ kó tó kú ní 2009. Agbẹ́gilére mọ̀ pé irinṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní àpá tirẹ̀ lára igi. Bákan náà ni òkè. Omi ń gé ilẹ̀ ṣóńṣó nísàlẹ̀. Ẹ lọ wo àwọn àfonífojì Òkè-Ìlà, níbi tí ìṣàn omi Ayíkúnnugbá ti ń já láti ara àpáta, irinṣẹ́ omi ni ẹ ó rí níbẹ̀, kò sí ti yìnyín. Yìnyín ní tirẹ̀ ń há òkúta sábẹ́ ara, ó ń fi wọ́n ha àpáta bí ayùn; àfonífojì tó bá gbẹ́ á fẹ̀ nísàlẹ̀ bí ọpọ́n, ojú àpáta rẹ̀ á sì ní ìlà gbọọrọ-gbọọrọ.

Irú ìlà bẹ́ẹ̀ ni àwọn tí ń wá epo rọ̀bì rí ní gúúsù Algeria láàrin ọdún 1960 sí 1970, lórí àpáta tó gbóná débi pé ẹyin lè sè lórí rẹ̀. Ní nǹkan bí mílíọ̀nù 445 ọdún sẹ́yìn, Sahara wà nítòsí ìpẹ̀kun ayé ní gúúsù, yìnyín ńlá sì gun orí rẹ̀. Ní àríwá Benin àti Togo, òkúta àdàlù tí yìnyín tó tún dàgbà ju ìyẹn lọ kó sílẹ̀ wà nínú ilẹ̀, ó lé ní mílíọ̀nù 600 ọdún. Mo máa ń sọ èyí fún àwọn ọmọ kíláàsì mi ṣáájú ohun gbogbo.

Mọ̀gáríbì

Ó kù bí ìbú ìrọ̀rí. Bàbá Àgbà dé láti oko. Kò sọ iye àgbàdo tó kù, Màmá kò sì bi í. Ó fi ọ̀pá rẹ̀ kan òkìtì náà, ó ní, "Ó ṣì wà?" ó wọlé.

Láàrin 1912, tí wọ́n kọ́kọ́ ya àwòrán yìnyín Kilimanjaro sórí máàpù dáadáa, àti òní, ó lé ní 80 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ tó ti lọ. Ti Kenya àti ti Rwenzori kù bíńtín. Àwọn tó ń gbé ẹsẹ̀ òkè wọ̀nyẹn ń wò ó bí Bàbá Àgbà ṣe wo tiwa: wọ́n dàgbà bá a, wọ́n ń bi ara wọn bóyá ó ṣì wà.

Aago mẹ́sàn-án alẹ́

Mo gbé àtùpà lọ sẹ́yìnkùlé. Yìnyín ti tán. Ohun tó kù ni ẹrùpẹ̀ tó tò bí òṣùpá lẹ́sẹ̀ àpáta, ní gẹ́rẹ́ ibi tí iwájú òkìtì náà dé: eruku, òkúta wẹ́wẹ́, ìpáǹtí páànù, ìgbálẹ̀ kan. Bí odò yìnyín ṣe ń fi ẹrù rẹ̀ sílẹ̀ nìyẹn lẹ́nu ibi tó rìn dé. Ní àríwá Yúróòpù, ìlú ńláńlá wà lórí irú rẹ̀. Mo fi ọwọ́ tọ́ ọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ó ṣì tutù.

Ìyá Àgbà pè mí wọlé. Ó gbé àwo tánganran yẹn kalẹ̀ láti orí pèpéle, ó ní kí n mu díẹ̀ kí n tó sùn. Omi lásán ni, ó mọ́ gaara. Mo mu ún tán, mo sì rí i nídìí àwo lábẹ́ iná àtùpà: eruku pupa díẹ̀.